Ọmọ Mi Kò Mọ̀ Pé Òun Ni Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí. Mo máa ń bá yín dá sí i, mo sì máa ń bú àwọn tí mo bá rí i pé wọ́n hùwà ìkà. Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́. Lónìí èmi ni mo jókòó sáàárín, ẹ̀yin lẹ ó sọ̀rọ̀.

Mo bí ìbejì. Obìnrin ni àwọn méjèèjì, ojú kan náà, ìrìn kan náà. Ọ̀kan ti kú, ọ̀kan wà láàyè. Èyí tó wà láàyè kò mọ̀ pé òun ní ìkejì rí. Èmi àti bàbá rẹ̀ la fi í pamọ́ fún un. Bàbá rẹ̀ náà ti lọ, ó wá ku èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé ọmọ náà fẹ́ gboyè ní yunifásítì, ó sì ti kọ irọ́ tí mo pa fún un sínú ìwé tó fẹ́ fi gba oyè náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Marta ni màá máa pe ọmọ náà níbí, àmọ́ kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Padova ni mò ń gbé báyìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun. Ṣùgbọ́n Torino la ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo bí wọn sí. Nígbà náà kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi láàárín àwọn èèyàn wa. Ìyá Ìbejì ni gbogbo wọn ń pè mí, láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ọjà Porta Palazzo. Màmá àgbàlagbà kan, ọmọ Italia, tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa náà gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ó ń pè mí ní Iyabeji, ó rò pé orúkọ tí bàbá mi sọ mí nìyẹn. Mi ò tún un ṣe fún un. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Àmọ́ iṣẹ́ wà níwájú. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní magazzino kan, ilé ìkẹ́rùsí, ní Alessandria, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Èmi ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin kan wà nínú ilé wa tó máa ń bá àwọn ìyá ọlọ́mọ tọ́jú ọmọ. Ó ní ọ̀kan lòun lè gbà, pé ìbejì ti pọ̀ jù fún òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, permesso mi, ìwé ìgbélùú mi, náà bọ́ nìyẹn, kí gbogbo wa sì palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ mọ ohun tí àwa máa ń ṣe. A máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé. Àwọn kan nínú ìjọ wa ti ṣe é, ọmọ wọn padà dé pẹ̀lú Yorùbá tó já gaara lẹ́nu, gbogbo wa sì ń yìn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ò rọ́mọ bí. Nígbà tí mo sọ fún wọn lórí fóònù, wọ́n kígbe ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn wá lọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kó àwọn méjèèjì wá fún mi. Má yà wọ́n."

Mi ò kó àwọn méjèèjì lọ. Mo fẹ́ kí ọ̀kan kù sí mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ máa rí ẹni gbé pọ̀n bí mo bá tibi iṣẹ́ dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Mo yàn. Táíwò ló máa ń ké. Ó ń ké bí ebi ń pa á, ó ń ké bó bá yó, ó ń ké bí mo bá gbé e, ó tún ń ké bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ jẹ́jẹ́, ibi tí o bá tẹ́ ẹ sí lo máa bá a. Mo sọ fún ọkọ mi pé Táíwò ló lágbára jù, pé òun ni ìrìn àjò ò ní wọ̀ lára. Irọ́ ni. Igbe rẹ̀ ló sú mi. Mo fẹ́ sùn.

Obìnrin ọmọ ìjọ wa kan tó ń lọ sílé ló bá wa gbé e. Ní pápákọ̀ òfurufú Malpensa, Táíwò tó máa ń ké yẹn kò ké rárá. Ó gbé àgbọ̀n lé èjìká obìnrin náà, ó ń wò mí títí wọ́n fi wọlé lọ. Kẹ́hìndé tí mo pọ̀n sẹ́yìn ló bú sẹ́kún. Ó ké láti Milano títí a fi dé Torino, gbogbo inú ọkọ̀ ojú irin ń wo ẹnu wa. Ọkọ mi ní ebi ló ń pa á. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó rọrùn láti gbà nìyẹn.

A ní ọdún kan péré ni. Questura, àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwé ìgbélùú, ò tètè dá wa lóhùn lórí ìwé, iṣẹ́ ò dúró, ọdún kan kọjá, òmíràn tún wọlé.

Nígbà yẹn kò sí pé à ń ríra wa lójú fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé e lọ sí ilé tẹlifóònù ládùúgbò wọn, èmi á sì pè síbẹ̀. Táíwò ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ìkejì. Bí wọ́n bá ti gbé fóònù sí i létí, kò ní kí mi. Ohun tó máa ń bi mí ni, "Kẹ́hìndé dà?" Màá ní ó wà níbí. Á ní kó sọ̀rọ̀. Màá gbé fóònù sí Kẹ́hìndé létí, àwọn méjèèjì ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn máa mí sí ara wọn létí. Tí wọ́n bá gba fóònù, Táíwò á bú sẹ́kún ní Ògbómọ̀ṣọ́, Kẹ́hìndé ò sì ní fẹnu kan oúnjẹ ní Torino.

Ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má gbé e wá sídìí fóònù mọ́. Mo ní ó ń da àwọn ọmọ láàmú. Èmi gan-an ló ń dà láàmú. Wọ́n ní, "Ó dáa, ìyá ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ibà mú Táíwò. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n gbé e wálé, ibà náà tún padà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi máa pè mí, ẹ̀mí ti bọ́ lára ọmọ náà. Èmi tún ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mò ń bi wọ́n pé ta ló kú. Wọ́n sọ ohun kan fún mi lọ́jọ́ yẹn tí kò kúrò létí mi títí dòní. Wọ́n ní, "Nínú àìsàn náà, ó ní kí n gbé òun lọ síbi tí Kẹ́hìndé ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní màmá ẹ ní ká má wá mọ́."

Mi ò lè lọ sílé. Ìwé mi wà lọ́wọ́ Questura, bí mo bá jáde mi ò ní lè wọlé padà. Ilé tí mò ń gbé ni mo ti sunkún tán. Ọjọ́ kejì mo lọ síbi iṣẹ́, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé nílé wa wọn kì í la ẹnu sọ ọ́ gbangba pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó rìnrìn àjò. Ẹ̀rù pé èyí tó kù lè tẹ̀ lé e ló ń ba àwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá kí àwọn gbẹ́ ère fún un bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo ní rárá, pé onígbàgbọ́ ni wá. Ọkọ mi tiẹ̀ lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Ó ní bí Kẹ́hìndé ò bá mọ̀ pé ẹnì kan ṣíwájú òun wáyé, kò ní sí ẹni tó máa tẹ̀ lé. Ó ní ká má pè é ní Kẹ́hìndé mọ́. Marta ló wà nínú ìwé, kí Marta nìkan wà lẹ́nu wa. Ó dà bí ọgbọ́n lójú mi nígbà náà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ kan ti lọ, mi ò fẹ́ kí èkejì lọ.

Ohun tó mú wa kó wá sí Padova nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wá níbẹ̀. Ìyá Ìbejì kù sí Torino, Mama Marta ló dé Padova. Nígbà tí mo bí ọkùnrin lẹ́yìn wọn, gbogbo Yorùbá tó wà láyé mọ orúkọ tó yẹ kó jẹ́. A ò sọ ọ́ ní Ìdòwú. Samuele la sọ ọ́, a tún fi Ayọ̀délé kún un. Gbogbo ìjọ ń jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ náà, mo ń jó pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀wà nìkan ló ṣẹ́ kù. Ní gbogbo ọjọ́ Satide mo máa ń se ẹ̀wà olóyin ní ìkòkò ńlá. Kì í ṣe fagioli inú agolo, ẹ̀wà tiwa gan-an. Mo máa ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì máa ń bù ú fún àwọn ọmọ tí ìyá wọn bá kó wá. Kí n tó bù ú fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú abọ́ kékeré kan, màá gbé e sójú fèrèsé. Nígbà tí Marta kéré, ó bi mí pé ti ta ni. Mo ní ti àlejò ni. Ọmọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà míì ó máa ń wo ojú títì bóyá àlejò náà ń bọ̀.

Bí ọmọ yìí ṣe dàgbà, ó ní òun fẹ́ kọ́ nípa àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, pàápàá àwòrán tí wọ́n ń yà sára ìkòkò. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Mo ní ṣé ìkòkò ni mo rán an lọ wò ní yunifásítì, ṣé kò rí ìkòkò nílé ni? Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mamma, sono vasi." Ó ní kì í ṣe ìkòkò ni òun ń kọ́, ìtàn tó wà lára wọn ni. Tó bá ti wá sí ṣọ́ọ̀bù, á máa sọ wọ́n fún àwọn oníbàárà mi. Ó sọ ti ọkùnrin tó pa ẹ̀dá abìwo, tí ó jẹ́ èèyàn títí dé ọrùn, tí orí rẹ̀ jẹ́ ti màlúù. Ó sọ ti obìnrin tí irun orí rẹ̀ jẹ́ ejò. Oníbàárà kan bi mí bóyá màá gbà láti di irun yẹn. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́ wá.

Inú mi ń dùn sí i, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá rẹ̀ náà yọ̀ kó tó kú. 

Lọ́dún tó kọjá ni Marta ní kí n bá òun lọ sí Torino. Ilé ọnà kan wà níbẹ̀ tó ní ìkòkò tí òun ń kọ tesi, ìwé ìgboyè rẹ̀, lé lórí, ó sì fẹ́ mọ ohun tí èèyàn tí kò kàwé nípa rẹ̀ máa rí lára rẹ̀. Ara mi ò gbà á. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Porta Nuova, mo borí, mo ń wò yíká. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnì kan má lọ kígbe Ìyá Ìbejì lẹ́yìn mi.

Ìkòkò kékeré kan ni, ọrùn rẹ̀ gùn, àwọ̀ amọ̀ pupa ló ní, àwòrán dúdú wà lára rẹ̀. Marta ní kí n má wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí n kàn sọ ohun tí mo bá rí. Ó gbé fóònù rẹ̀ sítòsí ẹnu mi, ó ń gba ohùn mi sílẹ̀.

Mo wò ó. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, ìrọ̀rí méjì lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sùn sí i. Tábìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n gbé oúnjẹ lé. Lókè, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ń gẹṣin bọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ ẹṣin wọn ò kanlẹ̀. Ojú kan náà ni wọ́n ní.

Ẹnu mi ni ò lè dákẹ́. Mo ní, "Ìbejì ni wọ́n. Ọ̀kan ti kú nínú wọn. Ìyá wọn ló gbé oúnjẹ yẹn síbẹ̀, ó ń retí wọn."

Marta wò mí. Ó ní, "Mamma, come fai a saperlo?" Ó ń bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀.

Ó wá sọ ìtàn náà fún mi. Ó ní Dioscuri ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyá kan ló bí wọn. Ọ̀kan jẹ́ ẹni tó lè kú, èkejì kò lè kú. Nígbà tí èyí tó lè kú kú, èkejì lọ bá bàbá rẹ̀ lọ́run, ó ní òun ò ní gbé ọ̀run ní òun nìkan, kí wọ́n pín ẹ̀mí òun sí méjì. Láti ìgbà náà wọ́n jọ ń wà lókè lónìí, wọ́n á jọ wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́la. Àwọn èèyàn ìgbà yẹn máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn nílé, wọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀, àwọn ìbejì náà á sì wá jẹun láìsí ẹni tó rí wọn. Ó ní kì í ṣe ìyá wọn ló gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, àwọn tó ń bọ wọ́n ni. Òótọ́ ló sọ. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìkòkò. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mò ń sọ.

Omijé dà lójú mi bí omi ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wá bèèrè bóyá nǹkan ń ṣe mí. Marta mú mi jókòó, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mamma, chi era?" Ta ni ẹni náà?

Ẹ̀yin ará mi, Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn gbayawu. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló di ẹnu ọ̀nà mú fún mi. Mo sì tì í padà. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló bí ìbejì. Mo ní Táíwò kú ní kékeré, ó sì dùn mí nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ojú Marta náà pọ́n. Ó ní, "E l'altra? Come si chiama?" Ó fẹ́ mọ orúkọ èyí tó kù.

Mo ní Kẹ́hìndé.

Ó gbìyànjú láti pè é, kò pè é dáadáa. Ó bi mí ibi tí Kẹ́hìndé wà. Èmi náà ń wò ó lójú. Mo ní, "Ó wà. Ara rẹ̀ le. Ó ń kàwé." Ó bi mí bóyá Kẹ́hìndé mọ̀ nípa ìkejì rẹ̀. Mo ní wọn ò tíì sọ fún un. Ọmọ mi mi orí, ó ní, "Poverina." Ó ń káàánú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ Marta lára. Ó lọ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ìbejì nílẹ̀ Yorùbá. Á wá máa sọ ọ́ fún mi bí ẹni pé ìlú míì ni mo ti wá, á ní ṣé mo mọ̀ pé Táíwò ló ń kọ́kọ́ jáde, ṣé mo mọ̀ pé ọmọ tó bá tẹ̀ lé wọn ní orúkọ tirẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Ó tún kà á pé àwọn ìyá ìbejì máa ń se ẹ̀wà. Ó sáré wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó dì mọ́ mi níwájú àwọn oníbàárà. Ó ní abọ́ ojú fèrèsé ti yé òun wàyí, pé ọmọ zia, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi, ni mò ń bù ú fún láti ọjọ́ pípẹ́ wá, pé àbúrò rere ni mí. Èmi tí ẹnu mi mú, irun orí oníbàárà ni mo padà sí.

Bó bá wálé ní Satide báyìí, òun ló ń bu ẹ̀wà náà síwájú fèrèsé. Abọ́ méjì ló ń gbé síbẹ̀. Ó ní ọ̀kan fún èyí tó kú, ọ̀kan fún èyí tó wà láàyè tí kò mọ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, á gbé ọ̀kan nínú abọ́ náà, á jẹ ẹ́, á ní ẹ̀wà ò gbọ́dọ̀ ṣòfò.

Olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ràn ohun tí mo sọ nídìí ìkòkò náà, Marta sì ti fi í sínú tesi rẹ̀, ohùn mi àti ọ̀rọ̀ mi, pẹ̀lú àlàyé pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ló bí àwọn ìbejì náà. Ó tún fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó bá gboyè, láti kí wọn fún ọmọ wọn tó lọ. Mo pè wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi bò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Obìnrin tí kò rọ́mọ bí, tó tọ́jú ọmọ mi títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Láàárín gbogbo ọdún yìí mo jẹ́ kí ọkọ mi gbà pé àìbìkítà wọn ló pa á. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn fún un rí títí ó fi kú. Ní báyìí mo tún ní kí wọ́n bá mi purọ́.

Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, mo ti bá ẹ gbé e, ó ti tó. Bí ọmọ yẹn bá pè mí, màá pè é lórúkọ rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Marta gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá kí n wo ojú ewé àkọ́kọ́ tesi náà. Ó ní kí n bá òun fi àmì sí àwọn orúkọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ti ya ìwé náà sọ́tọ̀ fún ẹni méjì. Ó kọ ọ́ ní Italiano pé fún Táíwò, tí òun ò mọ̀ rí. Ó sì kọ ọ́ pé fún Kẹ́hìndé tó ṣẹ́ kù, níbikíbi tó bá wà.

Pé òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹní kan náà ni wọ́n jọ sùn. Ọmú mi yìí ni wọ́n jọ mu. Mo fi àmì náà sí i fún un. Ó ní, "Grazie, mamma," ó fẹnu kò mí lórí.

Ohun tó wá jẹ́ kí n bọ́ sí ojú ìwé yìí gan-an ni ti àná. Ní Padova, bí ọmọ bá fẹ́ gboyè, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ya bébà gbàǹgbà kan tí wọ́n ń pè ní papiro. Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ sí i, wọ́n á kọ ìtàn ìgbà kékeré rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa kà á síta lójú gbogbo èèyàn, pẹ̀lú adé ewé lórí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní jẹ́jẹ́. Ó ní kí n fún àwọn ní fọ́tò Marta nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́, ọ̀kan péré, kí n má jẹ́ kó mọ̀.

Mo ní ọ̀kan péré. Mo sọ àwọn yòókù nù nígbà tí a ń kó kúrò ní Torino, èyí ni ọwọ́ mi ò lè sọ nù. Àwọn méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì wa, aṣọ kan náà, fìlà kan náà, wọ́n dojú kọra wọn.

Mo ní kò burú, màá gé e sí méjì. Mo mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé irun. Mo gbé e lé àárín wọn.

Mo wo ti ọwọ́ ọ̀tún. Mo wo ti ọwọ́ òsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi, mi ò dá wọn mọ̀. Èmi tí mo bí wọn, mi ò mọ èwo ni Kẹ́hìndé, mi ò mọ èwo ni Táíwò. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, igbe ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Èyí tó bá ń ké ni Táíwò. Àwọn méjèèjì ló dákẹ́ nínú fọ́tò.

Igbe tó sú mi yẹn, tí mo tìtorí ẹ̀ gbé ọmọ fún ẹlòmíràn, òun nìkan ni mo fi mọ ọmọ mi.

Mo sọ sísọ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Fọ́tò náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, odindi ni.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n sọ fún un kó tó lọ síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀, kí ìwé rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ lè dàrú lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀? Àbí kí n jẹ́ kó dé adé ewé yẹn ná, kí n tó gbé fọ́tò yìí lé e lọ́wọ́? Satide tó ń bọ̀, á wá jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jọ̀ọ́. Nínú ìbejì mi, òun nìkan ló kù tó ń di ọwọ́ mi mú.

Ẹ̀yin ìyá ìbejì tó wà láàárín yín, ẹ má bú mi jù. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ Kẹ́hìndé, bóyá màá rí i. Táíwò ni mi ò mọ bí màá ṣe bẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ní kó máa pè padà. Ẹ ní ó lè sọkún bó bá ṣe wù ú, mò ń gbọ́.